Ìgbà Òtútù Tí Wọ́n Gba Ọkọ̀ Lọ́wọ́ Mi

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kọkànlá

Mo fi ìwé ìwakọ̀ mi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lónìí. Ọmọbìnrin tó gbà á kò tíì dàgbà tó Outi ọmọ mi, súìtì ló ń lá lẹ́nu. "Ẹ fọwọ́ síbí." Mo fọwọ́ sí i. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo ti ń wakọ̀, mi ò pa ajá ẹnì kan rí. Dókítà Luukkonen ní ó di oṣù mẹ́rin kí òun tó tún wo ọ̀rọ̀ mi.

Ìwé yẹn kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn o. Ta ló sọ fún dókítà? Tìtorí orúnkún ni mo ṣe lọ bá a. Kò tíì fọwọ́ kan orúnkún tó fi ní, "Mo gbọ́ pé nǹkan kan ṣe yín lórí wíìlì nínú oṣù Kẹsàn-án." Mo ní ta ló sọ ọ́. Ó ní òun ò lè dárúkọ.

Àwa mẹ́rin péré la mọ̀ pé ọkọ̀ mi yà wọ oko ọkà lọ́jọ́ tá a lọ já èso pupa nínú igbó. Hilkka jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Veijo aládùúgbò wa ló fi katakata fà á jáde. Mo sọ fún Taisto ọkọ mi pé àgbọ̀nrín ló sáré gba iwájú wa kọjá, ohun kan náà ni mo sì sọ fún Veijo.

Hilkka nìkan ló mọ̀ pé kò sí àgbọ̀nrín kankan.

Ọjọ́ kẹfà

Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó ń kúrò ní Kello, níbi tá à ń gbé, máa ń dé Oulu lẹ́yìn tí iṣẹ́ wa níbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Taisto ní òun á máa gbé mi lọ. Mo ní rárá. Bí mo bá jẹ́ kó máa gbé mi kiri bí àpò ànàmọ́, ẹni tó tú àṣírí mi ti borí nìyẹn. Mo ní kó bá mi gbé kẹ̀kẹ́ mi jáde látinú àká.

Ó wò mí títí. "Kìlómítà mẹ́tàlá ni o, Marketta."

"Mo mọ̀ ọ́n kà."

Táyà oníṣòó méjì tí kì í yọ̀ lórí yìnyín, yúrò mọ́kàndínláàádọ́fà. Olè ni wọ́n.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Òtútù: méjì lábẹ́ òdo. Mo kúrò nílé ní aago márùn-ún ààbọ̀ kù díẹ̀, mo dé ilé ìfọṣọ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Itan mi ń gbọ̀n bí ẹ̀rọ tó ń fún aṣọ. Ọ̀gá wo aago. Hilkka wà nídìí ẹ̀rọ ìlọṣọ wa, ó ti di eteetí aṣọ ìbùsùn kan mú lápá ọ̀dọ̀ tirẹ̀, ó ń dúró dè mí. Ọdún kọkàndínlógún tá a ti jọ ń dì í mú nìyí, òun níbẹ̀, èmi níbí.

"Kí ló dé tó ò pè mí? Ilé yín wà lọ́nà mi."

"Mo fẹ́ nára."

Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ irú ẹ̀rín tó jẹ́.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

Ọmọ ẹ̀gbọ́n Veijo ló ń gba orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà. Mi ò rántí ìyẹn títí di òní. Mo rí Veijo níwájú ilé rẹ̀ tó ń gbọ́n òjò dídì kúrò lórí àpótí lẹ́tà, mo gun kẹ̀kẹ́ mi kọjá, mi ò kí i.

Ọjọ́ kejì, oṣù Kejìlá

Mọ́kànlá lábẹ́ òdo, afẹ́fẹ́ láti òkun. Irun ìpéǹpéjú mi lẹ̀ mọ́ra wọn, mo ní láti fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo dé nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀! Mo ti mọ ibi tí katakata tó ń kó òjò dídì ń kọ́kọ́ gbá àti ibi tó máa ń fi sílẹ̀ di ìkẹyìn. Mo ti ń mọ àwọn tá a jọ ń pàdé lọ́nà náà: ọkùnrin aláṣọ búlúù, obìnrin tó gbé ọmọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ bí ẹrù tí wọ́n fi aṣọ dì. Ẹnì kankan kì í sọ̀rọ̀. A máa ń gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, ó tán.

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejìlá

Ọjọ́ Òmìnira orílẹ̀-èdè wa. Bí àṣà, a tan àbẹ́là méjì sójú fèrèsé. Ẹnì kan ti gbá òjò dídì kúrò ní gbogbo ọ̀nà ilé wa kí n tó jí. Veijo ni. Kí ló fẹ́ fi bò mọ́lẹ̀?

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Hilkka fi ọkọ̀ rẹ̀ rìn jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lónìí, ó sọ gíláàsì kalẹ̀.

"Wọlé jàre! Imú ẹ ti pọ́n bíi ti ọ̀mùtí."

"Tìẹ ni kó o máa wò."

"Kẹ̀kẹ́ náà á wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, Marketta."

"Máa lọ."

Ó lọ. Kí ni obìnrin yìí ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi? Ẹni tó ti ènìyàn sínú omi ló máa ń yọjú wò ó bóyá ó ti rì.

Ọjọ́ kejìlélógún

Oòrùn yọ ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, ó wọ̀ ní aago méjì. Mi ò rí i rárá. Inú ooru ẹ̀rọ ni mo wà.

Ọjọ́ keje, oṣù Kìíní

Méjìdínlọ́gbọ̀n lábẹ́ òdo. Òjò dídì ń dún lábẹ́ táyà bíi pé ènìyàn ń rún gíláàsì. Nígbà tí mo fẹ́ padà sílé láti ibi iṣẹ́, mo gun kẹ̀kẹ́, mo tẹ pẹ́dáàlì rẹ̀, pẹ́dáàlì ń yí, kẹ̀kẹ́ ò lọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo ń wa afẹ́fẹ́ lásán bí ọmọ tó gun ẹṣin onígi. Gbogbo àwọn tó ń jáde ló ń wò mí.

Ẹnì kan fọwọ́ kan án níbi tí mo so ó mọ́. Ó dá mi lójú. Hilkka jáde lọ fa sìgá lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, ẹgbẹ́ kẹ̀kẹ́ mi gan-an ló sì máa ń dúró sí.

Mo tì í lọ sí ibùdókọ̀, mo bá bọ́ọ̀sì lọ sílé. Mi ò bá Hilkka sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kẹjọ

Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní girisi inú àgbá táyà ẹ̀yìn ló dì nínú òtútù. Ó ní kẹ̀kẹ́ mẹ́fà ló wọlé lánàá pẹ̀lú àìsàn kan náà. Ó fọ girisi náà dànù, ó ta òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i. Yúrò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Mo bi í bóyá ènìyàn lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. "Àfi Ọlọ́run," ló wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín mi.

Ọjọ́ ogún

Wọ́n fi ẹni tó máa jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ àárọ̀ hàn lónìí. Ọdún méjì ni mo ti ń wojú ipò yẹn. Hilkka ni wọ́n fún. Ọ̀gá ní àwọn fẹ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, tó lè wakọ̀ dé ẹ̀ka kejì nígbàkígbà.

Ẹni tó lè wakọ̀.

Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo kí i kú oríire. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná, tèmi tutù. Ní báyìí ọ̀rọ̀ náà ti ń to ara rẹ̀ jọ.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ọkọ̀ kan ń tẹ̀ lé mi. Ọjọ́ kẹta nìyí. Iná rẹ̀ máa ń wà lẹ́yìn, ní títì tó bá ọ̀nà kẹ̀kẹ́ rìn, kì í kọjá mi, kì í sì í yà. Bí mo bá sáré, ó sáré. Bí mo bá dúró gba èémí, iná náà á dúró.

Ìfura loògùn àgbà, wọ́n ní. Mo ti mu ún lámujù ọdún yìí, ṣùgbọ́n iná yẹn kì í ṣe àlá.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo mú un. Mo pa iná kẹ̀kẹ́ mi nígbà tí mo dé ibùdókọ̀ onígi tó wà lẹ́yìn afárá, mo ti kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn rẹ̀, mo sì fara pamọ́ síbẹ̀. Ọkọ̀ náà ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo bọ́ sójú títì níwájú rẹ̀. Ọkọ̀ tiwa ni. Taisto ló wà nínú rẹ̀, ó wọ kóòtù lé aṣọ ìsùn, àtẹ̀lẹsẹ̀ ilé ló wọ̀ sẹ́sẹ̀.

"Ta lò ń dọdẹ?"

"Ìwọ ni."

"Ṣé ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà ni mí ni?"

"Bó o bá jẹ́ ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà, wàá gbọ́ tèmi."

Mo ní kó sọ ìdí ẹ̀. Ó fi èékánná ha wíìlì títí. Ẹnu ọkọ mi kì í yá; tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gidi, bíi pé ó ń fa igi gẹdú jáde nínú odò ni.

"Àgbọ̀nrín kì í mú kí ènìyàn gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ," ló wí. "Lọ́jọ́ yẹn, o ò lè mu ọbẹ̀ ẹja. Mo rí ẹ̀jẹ̀ lórí ṣíbí."

Ó mọ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án ló ti mọ̀, tó ń jẹun níwájú mi, tó ń bi mí bóyá kọfí dùn.

Mo ní, "Ìwọ lo lọ bá dókítà."

"Rárá."

"Búra."

"Èmi kì í búra, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní rárá."

Mo sọ fún un pé bí mo bá tún rí iná yẹn lẹ́yìn mi, màá lọ máa gbé lọ́dọ̀ Outi ní Turku. Ó yí ọkọ̀ padà. Mo pẹ́ ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá, olórí wa tuntun sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, oṣù Kejì

Kò sí iná lẹ́yìn mọ́. A kì í sọ̀rọ̀ nílé. Lọ́jọ́ Sátidé, òun kọ́kọ́ wọ ilé ooru tá a ti ń wẹ̀, èmi wọ̀ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún tá a ti ṣègbéyàwó, a kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ṣubú. Yìnyín ni.

Ọjọ́ kọkànlá

Èjìká ọ̀tún wú. Taisto fi òróró ra á, kò bi mí ní nǹkan kan. Mo sọ fún un pé yìnyín ni. Ó ní, "Ó máa ń yọ̀ níbẹ̀."

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Oòrùn wà lónìí, mo rí i nígbà tí mò ń bọ̀ nílé, ó tàn sórí òjò dídì débi pé ojú ń ro mí. Mo dúró níbi tí mo ti ṣubú. Mo fẹ́ fojú mi rí yìnyín náà.

Kò sí yìnyín níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ afárá ni, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í dé. Yanrìn tí wọ́n fọ́n síbẹ̀ láti oṣù Kìíní kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀ ṣì wà, ó pupa, ó nípọn.

Mo kọ irọ́ sínú ìwé yìí. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kì í kà, mo purọ́ fún un.

Bó ṣe rí nìyí. Mo ń wa kẹ̀kẹ́, mo gbọ́ òórùn kan bí ìgbà tí irun bá ń jó. Èyí tó kàn ni pé mo wà nílẹ̀, obìnrin kan tó ń fa ajá gbé orí mi lé itan rẹ̀, ajá náà ń lá mi lójú. "Ẹ má dìde," obìnrin náà ní. "Ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu yín." Mo bi í bóyá yìnyín ló gbé mi ṣubú. Ó ní òun kò rí i nígbà tí mo ṣubú, ìgbà tí òun dé ni ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo ní òtútù ló ń gbọ̀n ọ́n. Ó fẹ́ pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn, mo bẹ̀ ẹ́ bí olè tí wọ́n ká mọ́ orí àjà pé kó má pè é.

Kẹ̀kẹ́ mi wà lẹ́bàá títì. Mítà méjì péré. Ká ní mo ṣubú sápá òsì, ojú títì ni ǹ bá wà, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí èbúté ló sì máa ń gba ibẹ̀ lákòókò yẹn.

Ọjọ́ ogún

Mo bi Hilkka. Nínú yàrá kọfí ni, àwa méjì péré, àwọn yòókù ti wọlé.

"Ṣé ìwọ lo sọ fún dókítà?"

"Èmi ni."

Kò gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀ pàápàá. Mo ti to gbogbo ohun tí màá sọ jọ láti oṣù Kọkànlá, gbogbo rẹ̀ dànù. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi.

"Mo sọ fún ẹ. Nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, kí Veijo tó dé. Mo ní, lọ bá dókítà. Bó o bá fi dé ìgbà tí òjò dídì bẹ̀rẹ̀ tó ò lọ, èmi á lọ. Ṣó o rántí èsì tó o fún mi?"

Mo rántí. Mo ní kó panu mọ́, kó máa rántí ẹni tó bá a wáṣẹ́. Òótọ́ ni, mo sọ ọ́. Mi ò kọ ìyẹn síbí.

"Mo ti rò pé wàá bi mí lọ́jọ́ kejì," ó ní. "Mo ń retí ẹ. Ọ̀sẹ̀ kan, oṣù kan. O ń wò mí bí ẹni tó jí ẹran ẹ gbé."

"Tìtorí ipò yẹn kọ́?"

"Ipò wo? Èyí tí wọ́n fi ń pè mí lọ́jọ́ ìsinmi pé ẹ̀rọ kẹta ti bàjẹ́? Gbà á lónìí. Jọ̀ọ́, gbà á."

Lẹ́yìn náà ló wá gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀.

"Marketta, ta lo rò pé ó gbé ọkọ̀ yẹn wọ oko ọkà?"

Mo ní èmi ni.

"Ìwọ kọ́. Ojú ẹ yí sókè, ọwọ́ ẹ le gbagidi bí igi lórí wíìlì. Ọkọ̀ tó kó igi gẹdú ń bọ̀, a sì wà lápá ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Èmi ni mo já wíìlì gbà lọ́wọ́ ẹ. Èékánná méjì kán mọ́ mi lọ́wọ́. Oko ọkà yẹn, èmi ni mo yà sí i."

Mo jókòó. Mo rántí pé ó di ìka rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, mo sì bi í ohun tó ṣe é, ó ní ilẹ̀kùn ló gbá a.

"Orúkọ mi ni mo ní kí dókítà má dá," ó ní. "Kì í ṣe pé ẹ̀rù ẹ ń bà mí. Mo fẹ́ kó o wá bi mí fúnra ẹ ni."

A padà sídìí ẹ̀rọ. Ó di eteetí aṣọ mú lápá tirẹ̀, mo dì í mú lápá tèmi. Aṣọ igba àti mọ́kànlélọ́gbọ̀n títí di ìsinmi. Mi ò sọ fún un nípa ìsàlẹ̀ afárá.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo kí Veijo. Ẹnu yà á débi pé ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kó tó dá mi lóhùn. Ó fún mi ní ẹja tútù méjì tó fi ìwọ̀ mú lábẹ́ yìnyín odò. Mo sè é. Taisto jẹ àwo mẹ́ta. Mo sọ fún un pé mo mọ̀ báyìí pé òun kọ́ ló lọ bá dókítà. Ó ní, "Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ," ó sì tún bu ọbẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta

Yìnyín ń yọ́ lọ́sàn-án, ó ń dì láàárọ̀, ó burú ju òtútù ọgbọ̀n lọ. Mo ń rìn, mo ń ti kẹ̀kẹ́ níbi tó bá ti sún mọ́ títì. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù kí n lọ bá dókítà. Taisto ti fọ ọkọ̀. Ó fi ọṣẹ nu wíìlì.

Ọjọ́ kọkànlá

Taisto wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, bíi pé a ń lọ gba àmì ẹ̀yẹ. Dókítà Luukkonen wo àwòrán orí mi, ó wo ìwé tó sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní gbogbo rẹ̀ dára. Ó mú bírò.

"Ìbéèrè kan ló kù. Láti oṣù Kẹsàn-án, ǹjẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀?"

"Rárá," Taisto dáhùn fún mi. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohun tí mo sọ fún un ló gbà gbọ́.

Bírò náà ti kan ìwé. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Obìnrin alájá yẹn kò mọ orúkọ mi. Bí mo bá dákẹ́ ìṣẹ́jú àáyá méjì sí i, màá wakọ̀ lọ sílé fúnra mi, pẹ̀lú Taisto lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rí àyè ìjókòó yẹn lọ́kàn mi. Mo rí ibi tí ọwọ́ Taisto máa wà bó bá fẹ́ já wíìlì gbà, ọkọ mi tí ọwọ́ rẹ̀ kì í yá, tó máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mẹta kó tó ṣí ilẹ̀kùn.

Mo ní, "Ó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì. Lórí kẹ̀kẹ́."

Taisto yíjú sí mi. Dókítà gbé bírò kúrò.

Ọdún kan gbáko, kò sí ọkọ̀. Oògùn wárápá lójoojúmọ́, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó wá bi mí ohun tí mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́, ó sì ní kí n dá kẹ̀kẹ́ náà dúró títí oògùn á fi wọ ara. Mo wá bínú, ó ń gbóná jáde létí mi. Kẹ̀kẹ́ náà! Ohun kan ṣoṣo tó kù fún mi! Mo wá ẹni tí màá dá lẹ́bi, mo wò yíká yàrá náà. Dókítà, Taisto, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ aṣọ lé, aṣọ tí èmi fúnra mi lọ̀. Kò sẹ́ni tí mo lè fura sí.

Nínú ọkọ̀, Taisto kò tan ẹ̀rọ fún ìgbà pípẹ́.

"Yìnyín," ló wí.

"Mo mọ̀."

"O wà nílẹ̀ níbẹ̀, èmi wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé, torí o ní kí n má tẹ̀ lé ọ."

"Mo mọ̀, Taisto."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó sì tan ẹ̀rọ.

Nígbà tá a délé, mo pe Hilkka lórí fóònù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ìsàlẹ̀ afárá. Lẹ́yìn náà ó ní, "Aago mẹ́fà kù ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó o bá pẹ́, màá kọ ọ́ sílẹ̀."

Ọjọ́ kejìlá

Mẹ́fà lábẹ́ òdo, ojú ọ̀run mọ́. Hilkka dé nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta sí àkókò tó dá. Irun ajá rẹ̀ kún ìjókòó, òórùn sìgá ń bẹ nínú ọkọ̀, ó sì ń wakọ̀ bí ẹni tó ń lé ẹlẹ́dẹ̀ bọ̀ láti oko. A kọjá lára ọkùnrin aláṣọ búlúù tó tẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Mo gbé àgbọ̀n sókè sí i láti ẹ̀yìn gíláàsì. Kò rí mi.

Hilkka na ọwọ́ kọjá àyà mi, ó fa bẹ́líìtì ìjókòó mi wò bóyá ó ti wọlé dáadáa. Mo jẹ́ kó fà á.